Ẹlẹ́rìí Kẹta

Ẹ̀fúùfù ni gbogbo ayé ń pe agbábọ́ọ̀lù náà, torí bó bá ti gba bọ́ọ̀lù sẹ́sẹ̀ tán, ẹni tó bá ní òun fẹ́ lé e kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni. Àwọn ọmọdé ń kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn aṣọ. Àwọn àgbàlagbà tí kò bá a sọ̀rọ̀ rí ń búra pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kì í búra. Wọ́n kàn máa ń yà fún un lọ́nà ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n fìdí rẹmi nínú ìdíje, Ẹ̀fúùfù ń fi ìbínú kúrò lórí pápá, ó sì ń tẹ ìlà funfun kan tí kò tíì gbẹ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ìlà náà ni bàbá tó ń tọ́jú koríko, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ẹfun. Gbogbo ohun tí bàbá náà sọ kò ju, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, gba ẹ̀gbẹ́." Ẹ̀fúùfù bọ́ bàtà rẹ̀ kan, ó fi eyín tó wà nísàlẹ̀ bàtà náà gbá bàbá náà lójú. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ló gbá a.

Ojú òsì bàbá náà fọ́ síbẹ̀.

Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ sọ fún ọlọ́pàá pé orí ẹ̀rọ tí bàbá fi ń fa ìlà ló ṣubú lé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, ó di òótọ́. Iṣẹ́ yẹn nìkan ni Bàbá Ẹfun ní, kò janpata. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ẹ̀fúùfù gbá bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ariwo ayọ̀ sì gba gbogbo pápá.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Ẹgbẹ́ ńlá kan láti orílẹ̀-èdè mìíràn wá ní àwọn fẹ́ ẹ. Ohun tí Ẹ̀fúùfù ti ń lé láti kékeré nìyẹn. Ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù kan tí ẹgbẹ́ náà mú nígbà kan ti pa èèyàn, ìtìjú yẹn kò sì tíì tán lára wọn. Láti ìgbà náà, wọn kì í mú ẹnikẹ́ni láìwádìí ìwà rẹ̀. Wọ́n rán ọkùnrin kan wá, tẹ́ẹ́rẹ́, onígò lójú, tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè.

"Ẹlẹ́rìí mẹ́ta la máa ń béèrè," ni olùwádìí náà wí. "Ọ̀kan tó jẹ́ ọ̀gá yín, ọ̀kan tó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ yín, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sìn yín."

"Àwọn tó ń sìn mí? Kí ni wọ́n mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù?"

"A ò ní bi wọ́n nípa bọ́ọ̀lù."

Akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Balógun ẹgbẹ́ kọ tirẹ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kọ́kọ́ jẹ ìdí bírò fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ku ẹnì kẹta.

Ẹ̀fúùfù lọ bá obìnrin tó ń fọ aṣọ wọn. "Ọwọ́ mi kún fún ọṣẹ, ọ̀gá," lobìnrin náà wí. Ẹ̀fúùfù ní òun á dúró kó gbẹ. "Á pẹ́ o." Dírẹ́bà ní òun ò mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ìwé ìròyìn wà lórí itan rẹ̀. "Àwòrán ni mò ń wò." Alásè ní òun ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tó ti ń bu oúnjẹ fún un.

Nígbà tó ku ọ̀la tí olùwádìí máa padà, Ẹ̀fúùfù lọ bá Bàbá Ẹfun nínú yàrá irinṣẹ́, níbi tí òórùn koríko tútù àti epo ẹ̀rọ ti ń jà.

"Ẹ kúuṣẹ́, Bàbá."

"O ṣeun. Obìnrin tó ń fọ aṣọ ti ní o máa wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ìlà méjì péré ni. Ẹ kàn kọ ọ́ pé èèyàn dáadáa ni mí."

"Màá kọ ọ́. Àmọ́ ohun tí ojú mi rí ni màá kọ. Ọ̀kan ṣì ń ríran."

Kí Ẹ̀fúùfù tó mọ̀, ó ti gbọ́wọ́ sókè. Bàbá kò sá, kò sì pariwo. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ló sáré fi bo ojú ọ̀tún.

Ọwọ́ Ẹ̀fúùfù dúró sí òkè. Ó ń wò ó bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Nígbà tó yá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn àpò ẹfun.

"Bàbá, irú èèyàn wo ni mí?"

"Ẹlẹ́ṣẹ̀. Irú èmi náà ni. Nígbà tí mo kúrò ní ọsibítù, ojoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà kí ẹsẹ̀ rẹ kán. Olúwa ló gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́."

"Tẹ́ ẹ bá ti dárí jì mí, kí ló dé tẹ́ ẹ ò lè bò mí láṣìírí?"

"Wọ́n ti bò ọ́ láṣìírí, wọn ò wẹ̀ ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ náà ń rà nísàlẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ Jésù lè wẹ̀ ọ́ mọ́, ọmọ mi. Torí rẹ̀ ló ṣe kú. Ṣùgbọ́n o di ẹ̀ṣẹ̀ náà mọ́ra gbágbá. Ṣí i sílẹ̀ fún un."

Ẹ̀fúùfù dojú bolẹ̀. Àdúrà rẹ̀ kò gùn, kò sì dùn ún gbọ́. "Olúwa, èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe ẹ̀rọ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ohun tó ṣe sínú ìwé ẹlẹ́rìí kẹta, Bàbá Ẹfun sì buwọ́ lù ú. Olùwádìí kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀.

"Ẹ mọ̀ pé a ò lè mú yín mọ́."

"Mo mọ̀, sà."

Láti ibẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá ló gbà lọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá pè é ní òmùgọ̀. Ìyá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko. Adájọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin, àwọn ọmọdé sì ha orúkọ rẹ̀ kúrò lára aṣọ wọn.

Ká má tan ara wa, ojú bàbá yẹn kò padà. Àwọn ọjọ́ kan wà tí Ẹ̀fúùfù ń gbọ́ ariwo pápá létí, tó sì ń sunkún. Síbẹ̀, ó sọ fún àwọn tó lọ wò ó pé ohun kan tó máa ń dì lọ́kàn òun ti tú. Ní gbogbo ọjọ́ ìbẹ̀wò, òun àti Bàbá Ẹfun á jọ ka Bíbélì, bàbá á sún ìwé mọ́ ojú tó kù.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, o lè má gbá bọ́ọ̀lù rí. Àmọ́ àwọn ará ilé rẹ tó máa ń dákẹ́ bí o bá ti wọlé ńkọ́? Ẹni tí o pa lára, tí o sì ní kò tó nǹkan ńkọ́? Ọlọ́run rí ohun tí o ṣe lọ́jọ́ náà bó ṣe rí gan-an, síbẹ̀ ó rán Ọmọ rẹ̀ nítorí rẹ.

Má ṣe sún un di ọ̀la. Ìwọ àti ta lẹ jọ ṣàdéhùn ọ̀la? Níbi tí o jókòó sí yìí, sọ fún Jésù ohun tí o ṣe, má fi orúkọ mìíràn pè é. Gba ìdáríjì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, dìde lónìí, kí o lọ bá ẹni náà.