Alẹ́ Tí Òkùnkùn Bu Òṣùpá Jẹ

Khairiyyah mu ọmú tán, ó sùn. Nígbà tí wọ́n máa padà wọlé wò ó, ó ti kú. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò wúkọ́. Kò tíì mọ̀ ọ́n jókòó.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni òkùnkùn bu etí òṣùpá jẹ. Gbogbo ará agboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó tú síta, wọ́n gbé fóònù sókè, wọ́n ń pariwo. Basheerah, ìyá ọmọ náà, wà láàárín wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pariwo: Àlímọ̀t, àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀, opó tí kò bímọ rí. Ó yọjú wo ọmọ ní yàrá, ó fa aṣọ bò ó, ó wá lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ àgbàlá. Ó daṣọ borí, ètè rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sin ọmọ, òwìwí kan bà sórí páànù, ó ń ké. Mariyah, aládùúgbò wọn, fa Basheerah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló wọ yàrá yẹn kẹ́yìn?"

"Ìyá Àlímọ̀t ni."

"Ẹni tí ò bímọ rí! Kí ló ń bá òṣùpá sọ? Ọ̀rẹ́ mi, lo ọpọlọ ẹ o."

Basheerah rántí pé obìnrin yìí ló ń wẹ ọmọ òun láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò dì mú. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn Àlímọ̀t.

"Ẹ gbé ọmọ mi fún mi! Àjẹ́ ni yín! Ẹ ti pa á jẹ!"

"Basheerah, èmi kẹ̀? Ọmọ tí mo ń fọwọ́ ara mi wẹ̀?"

"Ẹ jáde nílé yìí!"

Àlímọ̀t wo ojú Mọ̀núrù, ọkọ Basheerah, bóyá yóò sọ̀rọ̀. Mọ̀núrù wolẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà di ẹrù rẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ ìbátan kan lọ ní Èpétẹ̀dó. Àwọn ọmọdé ń sá wọlé bó ṣe ń kọjá.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe àdúrà fún ọmọ náà ni Àáfà Ubaydullah béèrè Àlímọ̀t. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ti pè é ní àjẹ́, wọ́n sì ti lé e lọ, ojú rẹ̀ le.

"Ìrun tí à ń kí bí òṣùpá bá ṣókùnkùn ni gbogbo wa ń kí ní mọ́sálásí lálẹ́ yẹn. Orúnkún ò jẹ́ kí ìyá yẹn lè wá, ló ṣe ń kí tirẹ̀ ní ìjókòó. Láti ayé àtijọ́ ni òṣùpá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọkùnrin Ànábì wa kú, oòrùn ṣókùnkùn. Àwọn èèyàn ní torí ọmọ náà ni. Ó ní rárá, oòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn torí ikú ẹnikẹ́ni. Bàbá tó ń sunkún ọmọ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ o."

"Kí ló wá pa ọmọ tèmi?" Basheerah béèrè.

Mọ̀núrù bú sẹ́kún.

"Èéfín jẹnẹrétọ̀ tí mo tàn lálẹ́ yẹn ni. Mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ fèrèsé wa, kí olè má bàa gbé e. Dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ."

Basheerah kò bú u. Ó mú ìborùn rẹ̀, ó gba Èpétẹ̀dó lọ, ó kúnlẹ̀ níwájú Àlímọ̀t, ó sọ gbogbo rẹ̀.

"Ìyá, ẹ foríjì mí. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Àlímọ̀t fà á mọ́ra. Wọ́n jọ sunkún Khairiyyah títí ó fi rẹ̀ wọ́n.

"Mo ti foríjì ẹ́," ni ìyá àgbà náà wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní padà. Ìwọ ò mọ̀, Basheerah. Mọ̀núrù mọ̀, ó sì ń wò mí títí mo fi di ẹrù mi tán."