Ta Ló Gbé Ìbéèrè Ìrònú?

Àpòòwé méjì ló kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin náà. Ó yẹ kí wọ́n jẹ́ mẹ́ta.

Ti ìṣirò wà níbẹ̀. Ti èdè wà níbẹ̀. Ti ìrònú ni kò sí.

Ọ̀la ni ìdánwò. Àwọn tó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe é, wọ́n sì ti fi odidi ọdún kan múra sílẹ̀ fún un nílé-ẹ̀kọ́ kékeré yìí. Ẹni tó bá yege, ó wọlé nìyẹn. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Obìnrin tó dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Má-Kánjú ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ fi ìwàǹwára dárúkọ olè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Kò sí ibi tí irin ti ha á.

"Báwo lẹ ṣe bá a, sà?"

"Kò tì," ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ dáhùn. Ọkùnrin kúkúrú ni, òógùn sì ti bo iwájú orí rẹ̀. "Mo fọwọ́ fà á láàárọ̀ yìí, ó kàn ṣí. Èmi fúnra mi ni mo tì í lánàá, lẹ́yìn tí a lẹ àpòòwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán. Ẹ jẹ́ ká má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹni tó jí ìbéèrè yìí ní láti ní kọ́kọ́rọ́. Ọlọ́dẹ wa ní kọ́kọ́rọ́. Ọlọ́dẹ ló jí i. Ó tán!"

Ènìyàn mẹ́ta mìíràn wà nínú ọ́fíìsì náà. Akọ̀wé, obìnrin tó máa ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, dúró ti fèrèsé, ó ń fi ìka ká etí aṣọ rẹ̀. Olùkọ́ ìrònú jókòó sórí àga, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun, awò ojú rẹ̀ fi okùn rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Bàbá Ǹjẹ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, torí kò lè bi èèyàn ní ìbéèrè kó má fi "ǹjẹ́" bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́dẹ fúnra rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́, ojú nílẹ̀.

Bàbá Ǹjẹ́ mú awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Ọmọ rẹ̀ obìnrin sì fẹ́ ṣe ìdánwò náà," ni ọ̀gá tún wí. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Ẹ má kánjú, sà," ni Má-Kánjú wí. "Ewúrẹ́ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Tábìlì yín yìí náà ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ṣé ká lọ já koríko wá fún un?"

Akọ̀wé fọwọ́ bo ẹnu.

"Àwọn wo ló tún ní kọ́kọ́rọ́?"

Ojú ọ̀gá wálẹ̀ díẹ̀. "Èmi. Àti akọ̀wé."

"Ẹ rí i? Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan."

*

Ilé kótópó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ibẹ̀ ni ọlọ́dẹ mú un lọ. Ó nu àga fún un, òun fúnra rẹ̀ dúró.

"Ta ló wọ ọ́fíìsì ọ̀gá lánàá, lẹ́yìn tí ọ̀gá ti lọ?"

"Kò sí àlejò kankan tó wọbẹ̀, mà."

"Àlejò kọ́ ni mo bèèrè."

Ọlọ́dẹ yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́. "Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ yẹn, mà."

"Ẹ̀yin lẹ gbé e?"

"Rárá o! Ọlọ́run ń gbọ́."

"Wọ́n máa mú yín lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n á sì yọ orúkọ ọmọ yín kúrò. Ṣé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ọlọ́dẹ lanu. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ fẹ́ bọ́. Ó gbé e mì.

"Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n á ti gbọ́ ọ, mà."

Má-Kánjú dìde. Nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó ti rí ẹni tó ń purọ́, ó ti rí ẹni tó ń bẹ̀rù. Ọkùnrin yìí kò purọ́. Ó kàn ń yan ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Kí ló dé? Ta ló ń bò mọ́lẹ̀? Bí òkò bá máa ba ènìyàn, ṣé kò yẹ kó yẹrí ni?

Ó bá ọmọ ọlọ́dẹ nínú kíláàsì, òun nìkan. Ọ̀dọ́bìnrin tó dúró ṣánṣán ni, ẹkún sì ti pọ́n ojú rẹ̀.

"Bàbá mi ò jalè, mà. Ẹ bi Bàbá Ǹjẹ́. Wọ́n mọ̀ wá. Àwọn ni wọ́n ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ nírọ̀lẹ́, wọn ò sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa."

"Kí ni wọ́n kọ́ yín lánàá?"

Ọmọbìnrin náà nawọ́ sí pátákó ìkọ̀wé. Wọn kò tíì nù ún. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀:

*Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá pẹ́ dé ni a ó jẹ níyà.*
*Nítorí náà, a ó jẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan níyà.*

"Wọ́n ní ìlà kejì tẹ̀lé ìlà kìíní, pé bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ òótọ́, ti kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Mo wá nawọ́. Mo ní, 'Sà, bí kò bá sẹ́ni tó pẹ́ dé ńkọ́? Ta lẹ máa wá jẹ níyà?'"

Má-Kánjú tún ìlà méjèèjì kà. Ẹ̀rín fẹ́ pa á. Òtítọ́ kúkú ni. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọn ò wí nǹkan kan. Wọ́n kọjú sí pátákó, wọ́n dúró títí. Wọ́n wá ní ká máa lọ sílé. Agogo ò sì tíì lù."

*

Ẹ̀rù ń ba akọ̀wé débi pé kò dúró kí wọ́n bi í.

"Mo ṣẹ̀, mà. Mo kúrò níbi iṣẹ́ lánàá kí ọ̀gá tó lọ, mi ò gbàyè. Ara ọmọ mi ń gbóná, mo sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Kọ́kọ́rọ́ mi wà nínú báàgì mi títí ilẹ̀ fi mọ́."

"Ọsibítù á sọ fún mi. Ẹ̀yin lẹ tẹ ìbéèrè tó sọnù?"

"Èmi ni, mà."

"Ǹjẹ́ ẹ rántí ọ̀kankan nínú rẹ̀?"

"Ti awakọ̀ nìkan, torí awakọ̀ ni ọkọ mi, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín. 'Gbogbo awakọ̀ tó bá mutí ni a ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, a ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ kan.' Bàbá olùkọ́ ìrònú kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó tẹ̀lé."

"Kí lẹ máa wá lò lọ́la?"

"Há, Bàbá ti gbé òmíràn wá! Ẹ ò tíì dé nígbà náà. Mo ti tẹ̀ ẹ́ tán."

"Ti àkọ́kọ́ ńkọ́, ó pẹ́ kí wọ́n tó parí rẹ̀?"

"Ó lé lóṣù kan, mà. Bàbá kì í kánjú."

"Èyí tuntun yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ dáadáa?"

Akọ̀wé rẹ ohùn sílẹ̀. "Ibi tí télọ̀ wà tẹ́lẹ̀, káfíńtà ló wà níbẹ̀ báyìí. Ibi tí ológbò wà, ó di ajá. Egungun kan náà ni, aṣọ ni wọ́n pààrọ̀ fún un. Ti awakọ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀ mọ́ rárá."

*

Bàbá Ǹjẹ́ ló kẹ́yìn. Ó gba Má-Kánjú tọwọ́tẹsẹ̀ nínú yàrá àwọn olùkọ́. Ìwé tò gèlètè sórí tábìlì rẹ̀, báàgì aláwọ rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé ẹ pẹ́ níbí lánàá, sà?"

"Mo máa ń pẹ́."

"Gbogbo olùkọ́ rere ló máa ń pẹ́ níbi iṣẹ́. Ẹ̀yin náà pẹ́ níbi iṣẹ́. Olùkọ́ rere ni yín nìyẹn."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kò tẹ̀lé. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń bá jà nílé náà lè pẹ́ níbi iṣẹ́."

Má-Kánjú bá a rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ti rí ohun tó ń wá, ó sì wù ú kó má rí i.

*

Ó kó gbogbo wọn jọ sí ọ́fíìsì. Ọmọ ọlọ́dẹ tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wọlé, kò sì sẹ́ni tó lé e.

"Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀," ni Má-Kánjú bẹ̀rẹ̀, "bó bá jalè tán, á ti kọ́bọ́ọ̀dù padà, kí á má bàa tètè fura. Olè yìí kò tì í. Kọ́kọ́rọ́ kò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe tirẹ̀."

Ọ̀gá ya ẹnu.

"Ẹni tó fẹ́ ta ìbéèrè á kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìrònú nìkan lẹni yìí fẹ́. Ọlọ́dẹ ní kò sí àlejò tó wọlé. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ pé kò sẹ́ni tó wọlé. Onílé ló wọlé." Ó yíjú sí àgbàlagbà tó wà lórí àga. "Bàbá, ẹni tí wọ́n jí ìbéèrè rẹ̀ á bẹ̀rù pé ayé ti rí i. Á jù ú nù, á kọ òmíràn. Ẹ̀yin kàn pààrọ̀ télọ̀ sí káfíńtà. Ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó rí i. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Bàbá Ǹjẹ́ wo báàgì tó gbé dání wá.

"Mo yìn yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò jẹ́ kí ìyìn tí kò tẹ̀lé kọjá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin gan-an ni mò ń yìn. Láàárọ̀ yìí, ọ̀gá yín fi irú ìrònú kan náà sọ ènìyàn di olè lójú yín. Ohun tí ẹ ti ń fi gbogbo ayé yín kọ́ ọmọ pé kò tọ́ nìyẹn. Kàkà kí ẹ sọ̀rọ̀, ẹ̀ ń nu awò."

Bàbá Ǹjẹ́ fa báàgì rẹ̀ sórí itan. Ó mú àpòòwé kan jáde, ó gbé e sórí tábìlì. Wọn kò tíì já a.

"Ti awakọ̀ yẹn ni," ló wí. "Bí kò bá sí awakọ̀ tó mutí, kò sẹ́ni tí a ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣìṣe ni. Ọmọ yìí bi mí lánàá, ojú mi là, ìbéèrè sì ti wà nínú àpòòwé. Kí n tó lè já a, mo ní láti kọ̀wé pé mo ṣìṣe. Olùkọ́ ìṣirò ṣìṣe lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá ní kó máa lọ. Ǹjẹ́, níbo ni kí n lọ ní ọjọ́ orí mi yìí? Mo sọ fún ọlọ́dẹ pé mo gbàgbé awò ojú mi síbí. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ sára ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ kan fọn fèrè ní géètì, ó sáré lọ dá a lóhùn. Mo mú ìdì náà, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo mú àpòòwé mi. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń padà bọ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ibi tó wà. N kò ráyè tì í."

"Awò ojú tó wà lọ́rùn yín," ni ọmọ ọlọ́dẹ wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Bàbá Ǹjẹ́ kò lè wò ó. Ó dìde, ó rìn lọ bá ọlọ́dẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ọlọ́dẹ tètè gbá a mú ní apá, kò jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Ìwọ kọ́ ni," ni àgbàlagbà náà wí. "Láti ìgbà tí ọ̀gá ti lanu ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò tẹ̀lé."

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀, sà," ni ọlọ́dẹ dáhùn. "Mo ń dúró kí ẹ sọ ọ́ ni."

Ó fi apá rẹ̀ sílẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀ padà. Ó wá ṣáájú wọn lọ sí géètì, ó sì ṣí i kí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lè mú olùkọ́ kọjá.