Àwòrán Balnacreel Tó Sọnù ní Mariners Harbor

Ìṣó lásán ló ṣẹ́kù lára ògiri. Ìṣó kan, àti ojú ibi onígun mẹ́rin kan tó funfun ju ògiri yòókù lọ, níbi tí àwòrán náà ti wà fún ọdún mọ́kànlá. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Brenda Akíntọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbàlejò kékeré náà ní Mariners Harbor, ó ń wò ó, ara rẹ̀ sì ti ń yá gágá. Àwọn ọlọ́pàá mìíràn a máa fẹ́ràn ìbọn àti eré àsápajúdé. Ti Brenda kọ́ nìyẹn. Ẹ fún un ní ilé tí nǹkan ti sọnù láìjẹ́ pé ilẹ̀kùn já, ojú rẹ̀ á máa tàn bí ti ọmọ tó gbóòórùn àkàrà.

Ohun tó sọnù kì í ṣe wúrà. Àwòrán etí òkun kan ni, ní ìgbèríko Scotland, níbi ìdákẹ́rọ́rọ́ kan tó ń jẹ́ Balnacreel. Ibẹ̀ ni Bàbá Akínwùmí ti ṣe dókítà fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ Susan, òyìnbó tó ń yàwòrán, lẹ́yìn tí ìyá àwọn ọmọ wọn kú ní Ìlaròó. Ẹ̀gbẹ́ ilé wọn níbẹ̀ náà ni wọ́n sin Susan sí. Nígbà tí ara Bàbá ò gbé e mọ́, Adétọ́lá ọmọbìnrin wọn kó wọn wá sí New York, Bàbá sì gbé àwòrán tí Susan yà mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Bàbá ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, iyè wọn sì ti ń ra. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń wo àwòrán yẹn, gbogbo rẹ̀ ló ń padà: orúkọ, ọjọ́, ilé. Láti àárọ̀ Ọjọ́rú tó ti sọnù, wọn kò sọ̀rọ̀, wọn kò sì jẹun. Òní ti di Ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n jókòó sínú àga gbọọrọ wọn, wọ́n na ẹsẹ̀ sórí àpótí ìtìsẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ ògiri tó ṣófo. Àánú wọn ṣe Brenda gan-an.

"Sharon ló jí i," ni Adétọ́lá wí, kó tilẹ̀ tó ní kí àlejò jókòó. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé àṣẹ oògùn. "Mo jáde lọ síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́fà, Bàbá ń sùn lórí àga wọn, àwòrán wà níbẹ̀. Sharon dé láti wá tọ́jú Bàbá ní aago mẹ́jọ, ó pè mí pé òun ò rí i. Ilẹ̀kùn ò já, fèrèsé ò fọ́. Lọ́jọ́ Ajé ni mo bá a wí, lọ́jọ́rú àwòrán pòórá. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi àjẹ́ náà bóyá ó jí nígbà tí ọmọ kú, ma," ni Brenda fèsì. "Àwọn wo ló ní kọ́kọ́rọ́?"

"Èmi, Sharon, àti ẹ̀gbọ́n mi Adédàpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ò wá síbí láti Easter. Port Richmond ló ń gbé, kò jìnnà rárá, àmọ́ iṣẹ́ táásì ò jẹ́. Ó ń bọ̀ ní ọ̀sán yìí pẹ̀lú lọ́yà."

"Lọ́yà kẹ̀?"

Adétọ́lá mí kanlẹ̀. "Àwọn onílé ìtura kan fẹ́ ra ilé Bàbá ní Balnacreel. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ká tà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti bi Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá nawọ́ sí àwòrán yẹn: 'Susan wà níbẹ̀, n kò tà á.' Èmi ní tèmi, mo ní ohun tí Bàbá bá ti fẹnu ara wọn sọ, abẹ gé e."

"Ẹ ṣàpèjúwe àwòrán náà fún mi."

"Omi òkun ti fà sẹ́yìn, iyanrìn lọ salalu. Ilé òkúta méje, àgùntàn lórí òkè, òdòdó aláwọ̀ àlùkò. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀, kò sí ọkọ̀. Àǹtí Susan máa ń ní ìdákẹ́rọ́rọ́ lòun yà."

Brenda kọ ọ́ sílẹ̀, ó wọ kíṣìnì. Sharon, tí ọlọ́pàá ránṣẹ́ pè, jókòó síbẹ̀ tòun ti kóòtù lọ́rùn, ọmọ Jamaica kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Láti Williamsbridge, lápá kejì ìlú, ló ń bọ̀ lójoojúmọ́: ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ọkọ̀ ojú omi, bọ́ọ̀sì, wákàtí méjì àti ààbọ̀. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ ti ní kó dúró sílé ná. Bí ẹjọ́ olè bá wọ ìwé rẹ̀, kò tún ní tọ́jú arúgbó kankan mọ́ ní ìlú yìí, ọmọ-ọmọ méjì ló sì ń bọ́.

"Kí ni wọ́n torí ẹ̀ bá ọ wí lọ́jọ́ Ajé?" ni Brenda bi í ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni! Yàrá yẹn há. Bí mo bá fẹ́ lọ ṣí kọ́tìnì, orí ẹsẹ̀ Bàbá ni mò ń gbà kọjá. Bàbá fúnra wọn kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n Mádáàmù rí mi, ó pariwo bí ẹni pé mo gbá wọn létí."

"Ohun kan ṣì wà tí o kò tíì sọ."

Omijé bọ́ lójú Sharon. "Lọ́jọ́ Ajé yẹn kan náà, mò ń kun èékánná mi. Mo gbé àwòrán náà sílẹ̀ pé kí n nù ún. Kí n tó mú aṣọ ìnuǹkan dé, Bàbá ti mú kútẹ́ẹ̀sì mi, wọ́n ti fi ya ọkọ̀ pupa kékeré kan sórí iyanrìn! Wọ́n ní bí omi bá kún padà, àwọn fẹ́ fi lọ gbé ẹnì kan. Ìyàwó wọn ni mo rò pé wọ́n ń sọ. Ẹ̀rù bà mí, mo gbé e kọ́ padà, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mádáàmù kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì mọ́."

Brenda kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó padà sí yàrá. Ẹ̀yìn àga Bàbá kan ògiri kan, àpótí ìtìsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri kejì, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ Bàbá ló pín yàrá náà sí méjì. Ẹni tó bá fẹ́ dé ìdí ìṣó láti ẹnu ọ̀nà yóò gba orí ẹsẹ̀ náà kọjá. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àfi kó yí gba kíṣìnì, níbi tí tábìlì igi líle kan nínú yàrá dí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Brenda kúnlẹ̀ ti tábìlì náà. Kò jìnnà sí ẹsẹ̀ tábìlì kọ̀ọ̀kan, ihò kékeré kan wà lórí kápẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹsẹ̀ náà ti tẹ̀ ẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Ó gbìyànjú láti tì í, kò mì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Aago méjìlá ku díẹ̀ ni Adédàpọ̀ wọlé, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun, pẹ̀lú Lọ́yà Ashley, òyìnbó obìnrin tó gbé fáìlì mọ́yà. Adédàpọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá rẹ̀ kó tó rí ọlọ́pàá. Brenda sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un.

"Brenda," ló tún orúkọ náà pè, ó rẹ́rìn-ín yẹ̀yẹ́. "Ọmọ Amẹ́ríkà. Ṣé wọ́n ṣì ń wá àwòrán gbígbó yẹn ni? Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Màá ra èyí tó dára jù ú lọ fún Bàbá."

"Ìgbà wo lẹ ti rí i kẹ́yìn, sà?"

"Easter. N kò tẹsẹ̀ bọ ilé yìí láti ìgbà náà."

Lọ́yà Ashley ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. "Dókítà Akínwùmí, ṣé ẹ gbà kí wọ́n ta ilé yín ní Balnacreel?"

Bàbá wo ògiri. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n wo obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín sí wọn, orí wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì díẹ̀díẹ̀, bí ti ẹni tó fẹ́ gbà kí wọ́n lè fi òun sílẹ̀. Adédàpọ̀ ti fa bírò yọ.

"Ẹ dúró!" ni Brenda kígbe. "Mo ní ìbéèrè kan péré fún ẹ̀gbọ́n. Sà, kí ló tiẹ̀ wà nínú àwòrán yìí tí Bàbá fi fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

Inú ọkùnrin náà ru sókè lójijì, bí ẹni tó ti ń retí ìbéèrè yẹn láti ogójì ọdún. "Kí ló wà níbẹ̀? Òkúta! Àgùntàn! Iyanrìn tútù àti ọkọ̀ pupa jákujàku kan! Ìyẹn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ fi èmi àti àbúrò mi sọ́wọ́ ìyá àgbà ní Ìlaròó, tí a ń fi lẹ́tà mọ bàbá wa!"

"Ọkọ̀ pupa?" ni Adétọ́lá wí jẹ́ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ọkọ̀ nínú àwòrán yẹn."

"Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé," ni Brenda wí. "Bàbá ló fi kútẹ́ẹ̀sì Sharon yà á. Bàbá àti Sharon nìkan ló mọ̀, àti ẹni tó gbé e lọ lọ́jọ́rú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí i kẹ́yìn ní Easter, ibo lẹ ti rí ọkọ̀ pupa?"

Adédàpọ̀ dá bírò rẹ̀ padà sápò.

"Àmọ́ kẹ́ ẹ tó dé ni mo ti fura. Sharon máa ń gba orí ẹsẹ̀ Bàbá kọjá lójoojúmọ́; bó bá jẹ́ òun ni, ì bá rékọjá, kó gbé e, kó máa lọ. Olè tiwa yí gba kíṣìnì, ó fi agbára sún tábìlì tó wúwo bí akọ òkúta, ó sì sún un padà, àmọ́ kò bá ojú ihò rẹ̀ mọ́. Kí ló dé tó fi ṣe gbogbo wàhálà yẹn, nígbà tí Bàbá ń sùn, tẹ́nìkan ò rí i? Nítorí pé ẹni tó kọ́ ọ nílé kò gbà kó gba orí ẹsẹ̀ àgbà kọjá. Orúkọ mi ń jẹ́ Brenda lóòótọ́, sà, ṣùgbọ́n Ìsẹ́yìn ni ìyá ìyá mi ti tọ́ mi. Ẹ lè jí àwòrán bàbá yín, kí wọ́n lè gbàgbé pé àwọn ò ta ilé. Ẹ lè jẹ́ kí wọ́n pe aláìṣẹ̀ ní olè. Ẹsẹ̀ wọn nìkan lẹ ò lè rékọjá."

Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ náà fi ọwọ́ bojú, ó bú sẹ́kún. "Ìyá àgbà ni," ló ń wí. "Ìyá àgbà ló kọ́ mi. Ó wà nínú búùtù mọ́tò mi. Mi ò lè bà á jẹ́. Mo gbìyànjú, mi ò lè ṣe é."

Lọ́yà Ashley pa fáìlì rẹ̀ dé, ó ní òun kò gbọ́ irú èyí rí, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Adétọ́lá wọ kíṣìnì, ó kúnlẹ̀ fún Sharon, ohun tí Sharon kò mọ bí a ṣe ń gbà. Òun náà kúnlẹ̀, àwọn méjèèjì sì dì mọ́ra nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Adédàpọ̀ gbé àwòrán náà wọlé, Brenda tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Adédàpọ̀ dojú kọ tábìlì, ó ti ń múra láti tún un sún. Ojú Bàbá ti bá àwòrán náà. Ojú yẹn là.

"Dàpọ̀," ni wọ́n pè. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ wọn láti ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí àpótí, wọ́n gbé ti òsì, wọ́n ká wọn mọ́ra pẹ̀lú ìnira. "Gba ibí kọjá."

Ó kọjá, ó gbé àwòrán kọ́. Omi ti fà ní Balnacreel, àgùntàn wà lórí òkè, ọkọ̀ pupa wà lórí iyanrìn. Brenda ti mú àpò rẹ̀ kó lè fún wọn láyè, àmọ́ ó ṣì fẹ́ mọ ohun kan. Bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ yẹn lọ gbé?"

Bàbá wò ó bí ẹni pé ìbéèrè òmùgọ̀ ni. Wọ́n na ìka sí ọmọ wọn tó dúró sídìí ògiri.

"Òun ni. Ìlaròó ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ lọ, kí n lọ gbé e wá. Omi ni kò tíì kún."