Ọ̀rọ̀ Tí Kò Gba Àmì

Ọkùnrin náà so táì dúdú mọ́rùn, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, ó sì ru agbada gaàrí wọ ọ́fíìsì. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, lọ́dún 1969, ní Òṣogbo, ní ọ̀ọ́kán ibùdókọ̀ réluwè. Oòrùn ń ta sí etí agbada náà, ó ń dán bí adé. Ó fẹ̀ débi pé ọkùnrin yìí ní láti fẹ̀gbẹ́ wọlé, síbẹ̀ kò tẹ orí rẹ̀ ba. Ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Nọ́síràtù wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ó ti máa ń fi ọkàn yàwòrán ọjọ́ tí ẹni tirẹ̀ yóò dé. Ó ti rí i lórí kẹ̀kẹ́, ó ti rí i lójú fèrèsé réluwè. Kò rí i rí lábẹ́ agbada.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni ọkùnrin náà wí, ó sì rọra sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì àkọ́kọ́. "Gbádéyan Ògúnrìndé ni mí, láti ẹ̀ka Iléṣà. Mo kọ̀wé pé kí ẹ fi agbádá ọgọ́ta ránṣẹ́, torí ọdún ti dé tán. Ọgọ́ta irú èyí ni lọ́rì já sílẹ̀ fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, mo ń wá ẹni tó máa bá mi wọ̀ ọ́."

Ẹ̀rín sọ nínú ọ́fíìsì. Àjàgbé tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Nọ́síràtù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú ẹ̀rọ.

Ilé-iṣẹ́ Fákúnlé ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún. Kò sí ohun tí wọn kì í tà, láti orí aṣọ títí dé páànù ìkọ́lé, wọ́n sì ní ẹ̀ka ní Iléṣà, ní Òṣú àti ní Ìwàrà. Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi ń kọ rípọ́ọ̀tù: ohun tó tà, ohun tó kù, ohun tí wọ́n ń fẹ́. Kí akọ̀wé tó pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, oṣù á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ọjà tí wọ́n ń bèèrè á sì ti kọjá àsìkò. Ọdún yẹn ni Ọ̀gá Adéjọbí, tó jẹ́ máníjà, ra ẹ̀rọ tó ń lu ihò sára káàdì. Nọ́síràtù ni wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ẹ̀ka bá kọ ránṣẹ́, yóò tẹ̀ ẹ́, ihò wẹ́wẹ́ á sì lu sára káàdì. Lọ́jọ́ Ẹtì, káàdì á wọ réluwè lọ sí Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀rọ ńlá kan tó kún yàrá méjì ti ń ka ihò náà, tó sì ń tẹ rípọ́ọ̀tù jáde lórí bébà gígùn kan tí wọ́n ká bí aṣọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ á ti padà dé Òṣogbo. Ìyanu ni lójú gbogbo èèyàn.

Àbùkù kan ló ní. Lẹ́tà gàdàgbà nìkan ni ẹ̀rọ náà mọ̀. Kò mọ àmì orí, kò mọ àmì ìsàlẹ̀. Ó tẹ AGBADA jáde, Àjàgbé sì ka ohun tó rí.

Ọ̀gá Adéjọbí jáde láti inú yàrá rẹ̀. Ó fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn bí àkọ́bí ọmọ. Ó wo agbada, ó wo táì, ó ní ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe, èèyàn ló ń ṣàṣìṣe, ẹni tó bá ṣe é kó yáa sọ̀rọ̀, nítorí onítọ̀hún kò ní jókòó síbẹ̀ mọ́.

Gbádéyan wo ọ́fíìsì yí ká. Ojú rẹ̀ bá ojú ọmọbìnrin kan nídìí fèrèsé, ó rí bó ṣe di ẹ̀rọ rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọjú sí Ọ̀gá.

"Ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mi ò fi àmì sí i dáadáa, sà," ló wí.

Ọ̀gá kò lé e, ṣùgbọ́n ó mú un kúrò ní Iléṣà. Ó ní kó kó gbogbo ọgọ́ta agbada rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka kékeré tó wà ní Ìwàrà, kó máa gbé ibẹ̀ títí yóò fi tà wọ́n tán. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ẹ̀ka ti ń pè é ní Alágbada.

Nígbà tí wọ́n jáde oúnjẹ ọ̀sán, Nọ́síràtù sáré lé e bá ní gáréèjì.

"Ẹ fi àmì sí i," ló wí, kò tilẹ̀ tíì mí dáadáa. "Lórí á méjèèjì. Mo rí i. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ fi gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tiyín?"

"Mo rí bí ẹ ṣe ń wo ẹ̀rọ yẹn. Uṣẹ́ náà wù yín."

"Uṣẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́. Ẹ má bínú. Bí ọkàn mi bá wà nínú ọ̀rọ̀, Ìjẹ̀ṣà ló máa ń jáde."

"Ẹ má kọ uṣẹ́ sínú rípọ́ọ̀tù o. Ẹ̀rọ mi á ní a kì í ta irú ọjà bẹ́ẹ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí awakọ̀ fi fọn fèrè. Nọ́síràtù ṣèlérí pé láti ọjọ́ náà lọ, bí rípọ́ọ̀tù bá ti Ìbàdàn dé, òun á fọwọ́ fi àmì sí gbogbo rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kà á. Gbádéyan yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ó dìgbà, Alámì."

Báyìí ni Nọ́síràtù ra bírò pupa. Iṣẹ́ àmì kò ṣòro fún un. Bàbá rẹ̀, Bàbá Mùíbì, ti fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kọ ẹrù wágọ́nù sílẹ̀ ní réluwè kó tó fẹ̀yìn tì. Ìkọ̀wé rẹ̀ tọ́ bí irin tí ọkọ̀ ojú irin ń tọ̀. Òun ló kọ́ ọmọ rẹ̀ ní àmì lórí síléètì, tó sì máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, wágọ́nù tí kò ní nọ́ńbà ni, ta ló mọ ibi tó ń lọ.

Àyè kékeré kan wà ní ìparí káàdì, Àlàyé ni wọ́n ń pè é. Kì í gbà ju lẹ́tà bíi méjìlá lọ. Òfìfo ni ẹ̀ka tó kù máa ń fi í sílẹ̀, àmọ́ ti Ìwàrà bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Gbádéyan á kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà láìfi àmì kankan sí i, bí ẹni pé òun náà ti di ẹ̀rọ, kí Alámì lè ríṣẹ́ ṣe. Lọ́sẹ̀ kan ó kọ ALAAFIA NI. Lọ́sẹ̀ kejì, ISU TA. Lọ́sẹ̀ kẹta, OJO TI PO.

Nọ́síràtù gbé bírò dúró lórí ìyẹn. Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ọjọ́ ti pọ̀ tí wọ́n ti fojú kanra, òun náà sì ti ń kà á. Ara rẹ̀ gbóná títí dé etí. Ṣùgbọ́n oníyẹ̀yẹ́ ni. Ó kọ "òjò ti pọ̀" sórí rípọ́ọ̀tù, ó ra agbòjò dúdú kan, ó sì fi rán lọ́rì Ìwàrà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nínú ọyẹ́ tó ti gbẹ ètè gbogbo ará Òṣogbo, Gbádéyan wọ ọ́fíìsì. Ó ṣí agbòjò náà sórí.

"Òjò dà?" ni Àjàgbé bi í.

"Ẹ bi Alámì," ló wí. Ó tẹ̀ sún mọ́ fèrèsé, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọjọ́ ni mo wí, Nọ́sí. Ọjọ́ tí mi ò rí ọ."

"Mo mọ̀," ni Nọ́síràtù dáhùn. "Bí mo bá kọ ọ́ bó ṣe tọ́ ni, ṣé ẹ máa wá?"

Láti ìgbà náà, Sátidé méjìméjì ni Gbádéyan ń wá. Wọ́n á rìn lọ sí etí irin réluwè, Gbádéyan á máa kọ́ ọ ní Ìjẹ̀ṣà, Nọ́síràtù á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó pé oṣù mẹ́wàá, Gbádéyan múra dáadáa, ó lọ kí Bàbá Mùíbì.

Bàbá gbà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó fún un ní omi, ó bi í léèrè ará ilé. Nígbà tó kúrò tán, ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó. Òun ti gbọ́ ìtàn Alágbada lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ òun ní réluwè.

"Ọmọlúàbí ni lójú," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n, Nọ́sírá, ẹni tó bèèrè agbádá tí wọ́n gbé agbada fún, tó bá bèèrè aya ńkọ́, kí ni wọ́n máa gbé fún un? Mi ò lè fi ọmọ fún ẹni tí kò mọ ohun tó ń fẹ́ kọ."

Nọ́síràtù gbé ife omi tí àlejò lò wọlé. Bí ó bá sọ òótọ́ nílé, òótọ́ náà á dé ọ́fíìsì, Ọ̀gá sì ti sọ ohun tí yóò ṣe fún ẹni tó jẹ̀bi. Bí ó bá sì dákẹ́, Alágbada ni Gbádéyan yóò máa jẹ́ títí ayé. Ọjọ́ méjì ló fi rò ó. Lọ́jọ́ kẹta, ó lọ kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá Adéjọbí. Ó mú rípọ́ọ̀tù tuntun lọ́wọ́, tí kò tíì fi àmì kankan sí.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni wọ́n kọ sókè yìí?"

OGA ADEJOBI ló wà níbẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀.

"Ọ̀gá Adéjọbí," ni Ọ̀gá wí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, sà? Kò lámì."

Ó mú bírò pupa, ó rọra kọ ọ́ sí i: Ọ̀gà. Ọ̀gà ni alágẹmọ.

"Ọdún kan rèé tí ẹ̀rọ yìí ti ń kọ yín báyìí, sà, ẹni tó bá sì fẹ́ lè ka yín sí alágẹmọ. Ọ̀rọ̀ tí kò gba àmì nìkan ló lè kọ pé. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnrìndé fi àmì sí agbádá rẹ̀, ìwé rẹ̀ rèé. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ bọ́ àmì rẹ̀, mo sì dákẹ́ títí ó fi jìyà." Ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lélẹ̀ sórí tábìlì. "Ẹ ní onítọ̀hún kò ní jókòó síbẹ̀ mọ́."

Ọ̀gá wo ìwé náà pẹ́. Ó wo bírò pupa. Lẹ́yìn náà ni ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín ni. "Alágẹmọ," ló ń tún sọ, "alágẹmọ, èmi Adéjọbí." Ó ti kọ́kọ́rọ́ padà sọ́dọ̀ Nọ́síràtù. Ó ní láti ọdún tó ń bọ̀, ọjà kọ̀ọ̀kan á ní nọ́ńbà tirẹ̀, kò ní sí ọ̀rọ̀ nínú rípọ́ọ̀tù mọ́, òun Nọ́síràtù ni yóò sì to nọ́ńbà náà. Títí dìgbà yẹn, bébà kankan kò gbọdọ̀ jáde láìkọjá lábẹ́ bírò pupa.

Ọ̀gá jókòó, ó kọ lẹ́tà pé kí Gbádéyan padà sí Iléṣà. Inki rẹ̀ kò tíì gbẹ tí rípọ́ọ̀tù Ìwàrà fi dé. Gbogbo ọgọ́ta agbada ti tán, wọ́n sì ń fẹ́ ọgọ́ta mìíràn. Ta ló rántí pé ìlú àgbẹ̀ ni Ìwàrà, pé ẹ̀gẹ́ kún oko wọn, pé ohun tí wọ́n ti ń wá tipẹ́ ni ibi tí wọ́n á ti din gaàrí? Inú Ọ̀gá dùn débi pé ó ra ẹ̀rọ káàdì kejì fún Iléṣà, ó ní kí Gbádéyan máa fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ tirẹ̀.

Nọ́síràtù ro ìtàn náà fún bàbá rẹ̀ látòkè délẹ̀, tòun ti ẹ̀bi tirẹ̀. Bàbá fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Ó ru ẹ̀bi ẹlòmíràn. Ìyẹn dára," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i kó bèèrè ohun kan, kó sì kọ ọ́ kó pé."

Nọ́síràtù fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Iléṣà bó ṣe gbọ́ ọ. Èsì kò dé. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì kọjá, Àlàyé Iléṣà ṣófo, Gbádéyan fúnra rẹ̀ kò sì wá ní Sátidé.

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ọdún 1970 pé wàyí, ìgbà tí ọ̀rọ̀ yóò wà nínú rípọ́ọ̀tù kẹ́yìn. Bébà dé láti Ìbàdàn ní ọ̀sán Sátidé. Nọ́síràtù tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ṣí bírò pupa. Ó fi àmì sí ti Òṣú, ó fi sí ti Ìwàrà. Ó dé Iléṣà. Ó fi àmì sí àdìrẹ, ó fi sí àwo, ó fi sí fìlà. Ó dé ìlà tó kẹ́yìn.

AYA. IYE TI A FE: 1.

Bírò dúró lófuurufú. Ó wá ibi tí yóò fi àmì sí lórí AYA, kò rí. Ó wá a nísàlẹ̀, kò rí. Ó pé. Ẹ̀rọ náà ti kọ ọ́ pé perepere, kò sí ohun tí Alámì lè fi kún un. Ó dé bírò rẹ̀, ó kó bébà náà mọ́ra, ó sì fẹsẹ̀ rìn délé láìmọ̀ pé òun ń rìn.

Bàbá Mùíbì wà lábẹ́ igi níwájú ilé. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀.

"Aya," ló kà. "Ẹyọ kan." Ó wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe máa ń wò ó nígbà síléètì. "Àmì rẹ̀ dà?"

"Kò gba àmì, Bàbá."

Bàbá tún un kà, ó pẹ́ lórí ẹ̀. "Kò gba àmì lóòótọ́," ló wí níkẹyìn. "Ọmọ yìí ti wá gbogbo èdè títí tó fi rí ohun tí ẹ̀rọ yín kò lè bà jẹ́." Ó yọ awò, ó nu ún, ó tún nu ojú ara rẹ̀. "Sọ fún un kó mú àwọn èèyàn rẹ̀ wá."

Lọ́jọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni tó dé, Nọ́síràtù tẹ káàdì tó ní ọ̀rọ̀ nínú kẹ́yìn. Ó fi ránṣẹ́ sí Iléṣà, pé kí Gbádéyan gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kó ka ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. AYA. IYE TO WA: 1. IYE TO N BO: 1.

Nígbà tí àwọn ará Iléṣà wá tọrọ Nọ́síràtù, agbádá funfun ló wà lọ́rùn Gbádéyan. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ìbídùn, ló ru ẹrù ìdáná tẹ̀lé e: obì, orógbó, oyin àti ìrèké. Inú agbada gaàrí kan tó ń dán létí ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí, èyí tí Gbádéyan kọ́kọ́ rù wọ ọ́fíìsì lọ́jọ́sí, tó sì fi owó ara rẹ̀ rà nígbà tó ń tà wọ́n.

Bàbá Mùíbì wo aṣọ, ó wo ìkòkò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Agbádá rèé," ló wí, "agbada rèé. Méjèèjì ti bá ẹni tó ni wọ́n."