Oyin Àjèjì ní Wairoa

Mo kí yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí a ṣe ń kí ará ilé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí ojú wa rí òní, tí kì í sì í jẹ́ kí iṣẹ́ òkùnkùn pẹ́ nínú òkùnkùn. Ìtàn olè ni mo mú wá. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, ẹ bá mi fara dà á.

Ní Wairoa, ìlú kan ní Niu Sílándì, iná ń jó nínú kòtò. Àpótí méjìlélógún tí wọ́n fi ń sin oyin ló wà níbẹ̀. Rahera Tūmoana fúnra rẹ̀ ló gbé wọn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí kò fẹ́ kí àlejò fọwọ́ kan ohun tí òun àti ọkọ rẹ̀ olóògbé kàn. Ìrọ̀lẹ́ ni, gbogbo kòkòrò oyin ti wọlé sínú àpótí. Ìda ń yọ́, ó ń ta pàrà, èéfín rẹ̀ sì ń ta sánsán bíi tùràrí. Ìyẹn gan-an ló bí obìnrin náà nínú jù. Ohun tó ń kú kò yẹ kó máa ta sánsán.

Callum Birchfield, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọ ìlú àti ohun tó ń jáde, dúró sí ẹ̀gbẹ́ kòtò náà.

"Màmá, ẹ dá mi lóhùn. Níbo lẹ ti rí oyin òkèèrè?"

"N kò rí oyin òkèèrè kankan."

"Àrùn tó pa àwọn ọmọ inú afárá yín kò sí ní Niu Sílándì rí. Inú oyin òkèèrè ló gbà wọlé."

"Mo gbọ́."

"Àwọn aṣọ́bodè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti dá ẹrù oyin kan dúró. Orúkọ yín ló wà lára rẹ̀. Wọ́n bá lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi kan nínú rẹ̀. Igi náà kì í hù nílẹ̀ yìí."

"Ṣé èmi ni mo lọ gbìn ín?"

"Màmá, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré."

"Ṣé o rí eyín mi ni?"

Kì í ṣe eré lóòótọ́. Láti ìgbà tí àdéhùn òwò tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Niu Sílándì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ti mú owó ibodè kúrò lórí oyin. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: kí ó jẹ́ pé kòkòrò ilẹ̀ yìí ló kó o jọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi oyin ránṣẹ́ ni yóò búra pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn yóò sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Àfonífojì Wairoa, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣí lọ sí Australia nítorí àìríṣẹ́, wá tún ń gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé. Neville Strickett, oníṣòwò, ló ń ra oyin gbogbo wọn, tó ń fi í ránṣẹ́ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló sì ń búra.

"Bí n kò bá rí orísun oyin yẹn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí," ni Birchfield wí, "gbogbo àpótí àfonífojì yìí la máa sun. Tiyín, ti aládùúgbò yín. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì á sì tilẹ̀kùn mọ́ gbogbo yín."

Ọgọ́ta àpótí ló kù fún Rahera. Kò ní iṣẹ́ mìíràn.

Kí iná tó kú, Neville Strickett dé. Ó gbé páì ẹran tí ìyàwó rẹ̀ ṣe dání nínú àwo, ó bọ́ fìlà, ó di ojú, ó sì gbàdúrà sókè ju bí Ọlọ́run ṣe jìnnà lọ.

"Rahera, arábìnrin mi," ló wí lẹ́yìn àmín, "ohun tí Ọlọ́run bá gbà, ká fi sílẹ̀ fún un."

"Ọlọ́run kọ́ ló gba èyí."

"Jẹ́ kí wọ́n sun ìyókù. Bó bá ti jóná, ọ̀rọ̀ bùṣe. Màá bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n má gbé ọ lọ sí kóòtù. Ìyá àgbà ni ọ́, wọn á ní o ṣèèṣì ni."

"Mo ṣèèṣì ṣe kí ni, Neville?"

"Má bínú sí mi. Ìrànlọ́wọ́ ni mo ń ṣe."

"Gbé páì sórí tábìlì, kí o máa lọ."

Ní òwúrọ̀, Rahera jókòó ti àwọn àpótí tó kù. Òdòdó mànúkà, igi tí oyin wọn ti ń wá, ti rẹ̀ tipẹ́, ọ̀dá sì ti lá gbogbo koríko. Ó yẹ kí àwọn kòkòrò máa bọ̀ wálé lófìfo. Ṣùgbọ́n ní àpótí mẹ́rin, wọ́n ń bọ̀ wálé pẹ̀lú ikùn kíkún. Ara wọn ń dán, irun ẹ̀yìn wọn ti bó bí orí arúgbó. Gbogbo ẹni tó bá ti sin oyin mọ ìtumọ̀ rẹ̀: wọ́n ti rí oyin tí kò ní olùṣọ́, wọ́n sì ń jí i kó. Bí wọ́n bá ti ń rún ara wọn mọ́lẹ̀ nídìí olè, irun kì í kù.

Ó pe Birchfield lórí fóònù. "Wá. Wọ bàtà tó lè rìn."

Nígbà tó dé, Rahera ń gbọn ìyẹ̀fun sí ẹnu ọ̀nà àwọn àpótí mẹ́rin náà. Gbogbo kòkòrò tó bá jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ a funfun.

"Kí lẹ ń ṣe, Màmá?"

"Mo ń wọṣọ fún àwọn ẹlẹ́rìí."

Wọ́n tẹ̀ lé wọn. Rahera a kọjú sí oòrùn, a rí bí wọ́n ṣe ń tàn lọ gbọọrọ lójú òfuurufú. Wọn a gun òkè kan, wọn a tún wá àwọn ẹlẹ́yìn funfun rí. Ní ẹ̀bá odò, wọ́n kan ilé ìpẹran àtijọ́ tó ti di ahoro. Ariwo kòkòrò ń ta lẹ́yìn ògiri rẹ̀ bíi ti ẹ́ńjìnnì. Rahera yọjú níbi pákó tó ya.

Neville Strickett ló wà níbẹ̀. Ó ń fi rọ́bà omi fọ àgbá ní gbangba, omi dídùn ń ṣàn nínú àgbàlá, kòkòrò sì bo gbogbo rẹ̀ bámúbámú.

"Ohun tí wọ́n kọ sára àgbá ni omi ṣúgà dúdú tí màlúù ń lá," ni Birchfield sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kòkòrò mi kì í rìn jìnnà tó báyìí nítorí oúnjẹ màlúù." Rahera na ìka sí Neville. "Ogún ọdún ló ti ń ta oyin. Ọmọdé tí a bí síhìn-ín mọ̀ pé a kì í fọ àgbá oyin níta. Ó ń ta á, kò sìn ín rí."

Birchfield pe ọlọ́pàá. Ajá kan gbó nínú àgbàlá. Neville gbójú sókè, ó rí wọn, ó ju rọ́bà sílẹ̀, ó kó sínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ tí àgbá mẹ́fà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi í fọ́ ìlẹ̀kùn ọgbà, ó sì sá jáde.

Wọ́n sáré padà sí ọ̀nà, aládùúgbò kan sì yá Rahera ní ọkọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n wà á, Màmá."

"Ṣé o mọ ọ̀nà yìí? Jókòó."

Wọ́n lé Neville, ó sì yà sínú igbó igi páìnì. Eruku bo ojú wọn, wọ́n sì pàdánù rẹ̀. Rahera kò tẹ̀ lé e mọ́. Ó mọ ibi tí ọ̀nà igbó náà ń já sí. Ó gba ọ̀nà odò lọ sí ẹnu afárá tí wọ́n fi ń sọdá omi, ó sì bá a níbẹ̀.

Agbo àgùntàn ló kún ojú ọ̀nà. Ní Wairoa, bí àgùntàn bá ń kọjá, ńṣe là ń pa ẹ́ńjìnnì, a ó dúró. Neville ń fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀. Darandaran náà fara ti ọ̀pá rẹ̀.

"Àgùntàn mi kò gbọ́ fèrè, ọ̀gá. Bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́, igbó nìyẹn."

Àwọn kòkòrò tó wà lára àgbá ti wọ inú ọkọ̀ lọ ta Neville. Nígbà tí Birchfield ṣílẹ̀kùn, ojú Neville ti wú bí búrẹ́dì.

"Kí ló wà nínú àgbá?"

"Oúnjẹ màlúù."

Rahera mú kòkòrò kan lára àgbá, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ Birchfield. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. "Ìyẹ̀fun ilé ìdáná mi nìyí." Ó fi ìka nu ohun tó ń kán lára àgbá, ó nà án sí Neville. "Oúnjẹ màlúù, àbí? Lá a."

Neville kò lá a.

"Ta ló kó o wọlé?" ni Birchfield béèrè.

"Èmi ni."

"Kí lo fi ṣe?"

"Mo pò ó mọ́ tiwọn."

"Orúkọ ta lo fi búra?"

Neville gbójú wo afárá. Ọlọ́pàá ti ń bọ̀ lórí afárá, àwọn àgùntàn ń yà fún un.

"Ti Rahera. Ta ni yóò fura sí ìyá àgbà tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì?" Ó nu imú. "Bí kò bá jẹ́ pé wọ́n mú owó ibodè yẹn kúrò, n kì bá tí ṣe é. Àdéhùn yẹn ló fà á."

"Àdéhùn gbà ọ́ gbọ́, Neville," ni Rahera wí. "Èmi náà gbà ọ́ gbọ́. O gbàdúrà lórí iná tí ìwọ fúnra rẹ dá. Má pe orúkọ mi mọ́ láéláé."

Ọlọ́pàá fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Wọ́n tún sun àpótí mẹ́rin tó lọ jalè, nítorí wọ́n ti kó àrùn bọ̀ láti inú àgbá Neville bíi ti méjìlélógún àkọ́kọ́. Ìyókù mọ́, ti gbogbo àfonífojì náà sì mọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, pé kò sí àbàwọ́n lórúkọ Rahera Tūmoana. Nígbà tí wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọkùnrin tí kì í kọrin kọrin lọ́jọ́ náà, àwọn mìíràn sì ń sunkún.

Àwo páì wà lórí tábìlì Rahera síbẹ̀. Ní Wairoa, a kì í dá àwo ẹlòmíràn padà lófìfo. Ó gbé e lọ sídìí kòtò, ó bu eérú kún un. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ó dúró pẹ́, àwo lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó da eérú nù, ó fọ àwo, ó gé afárá oyin tuntun sínú rẹ̀, ó sì gbé e lọ fún ìyàwó Neville, tí ìtìjú kò jẹ́ kó lè jáde mọ́.

"Kì í ṣe ìwọ ló jí i," ló sọ lẹ́nu ọ̀nà. "Jẹ ẹ́. Oyin Wairoa nìyí, kò sí àbùlà nínú rẹ̀."

Ìwọ tó kà á dé ibí, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a fi orúkọ rẹ bo olè mọ́lẹ̀. Bí iná bá jó ohun ìní rẹ, kí ó má jó ọkàn rẹ. Kí òtítọ́ tètè fò dé ẹnu ọ̀nà rẹ. Àmín.