Ọ̀nà Ẹ̀yìn Sọ́míìlì

"Dúró dáadáa." Màámi tún fa téèpù yí ìbàdí mi ká, wọ́n tún wò ó. "Íǹṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo kọ fún ọ ní sáà tó kọjá. Mẹ́tàlélógún rèé. Ṣé ẹnì kan ń bá ọ jẹ oúnjẹ rẹ ni?"

"Ìdánwò ni, Màámi."

Aránṣọ ni wọ́n. Téèpù kì í purọ́ fún wọn. Èmi ni mo purọ́.

Ní oríta wa, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin máa ń jókòó sórí táyà àlòkù níwájú ìsọ̀ fọkanáísà. "Ìyàwó wa" ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n á sọ aṣọ tí mo wọ̀ lánàá, wọ́n á sín ìrìn mi jẹ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan gun alùpùpù tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà wa láìsọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gba ẹ̀yìn sọ́míìlì, ọ̀nà jíjìn tó kún fún ẹrẹ̀ àti èérún pákó. Mo sọ fún Màámi pé ẹ̀kọ́ àfikún ló ń jẹ́ kí n pẹ́ délé. Bí alùpùpù bá dún lẹ́yìn mi, àyà mi á já. Ní kíláàsì, mo lè ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹta kí n má mọ ohun tó wí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò ìṣirò, òjò ti sọ ẹ̀yìn sọ́míìlì di odò. Mo padà sí oríta. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà níbẹ̀. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri, mò ń retí kí wọ́n dìde. Wọn ò dìde. Nígbà tí mo fi jàjà sáré kọjá, ìdajì àkókò ìdánwò ti lọ. Ìbéèrè méjì péré ni mo dáhùn.

Olùkọ́ pe Màámi wá sílé ìwé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé kò sí ẹ̀kọ́ àfikún kankan.

"Ta ni ọkùnrin tó ò ń lọ bá?"

"N ò lọ bá ẹnikẹ́ni, Màámi. Àwọn ni wọ́n ń dúró dè mí."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, a jọ dé oríta.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Màámi wí. "Mo gbọ́ pé ẹ ti fẹ́ ọmọ mi. Èwo nínú yín ni àna mi, kó wá kí ìyá ìyàwó ẹ̀?"

Fọkanáísà rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Màámi, ẹ̀rín náà kú.

"Ẹ má bínú, mà," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Eré la ń ṣe."

"Eré tó gbé ẹran kúrò lára ọmọ mi?"

Fọkanáísà yí àwọn táyà náà wọ inú ìsọ̀, ó ní kí wọ́n wá ibòmíì jókòó sí.

Àyà mi ṣì ń já nígbà míì, mo sì máa tún ìdánwò yẹn ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀, ọmọbìnrin onídìrí tó dojú kọ ilé wa wá bá mi. Òun náà ti ń gba ẹ̀yìn sọ́míìlì láti ọdún tó kọjá. A ò ríra rí níbẹ̀, torí sísá ni kálukú ń sá. Àwa méjèèjì la jọ ń gba oríta lọ sílé báyìí.

Àdúgbò a máa wọ ọmọ lára bí àìsàn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má fi irú èyí pa mọ́ fún àgbà tó fẹ́ràn yín. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.