Ògiri Tó Dí Orin Màmá

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Abdulafeez, ẹnu ló fi ń fẹ́ eruku inú kọ̀ǹpútà kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ágọ̀-Ìwòyè. Mo gbé láptọ́ọ̀pù màmá mi mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

"Ẹ jọ̀ọ́, ó ti kú," ni mo wí.

"Ta ló kú?"

"Láptọ́ọ̀pù ni. Màmá mi náà sì ti kú." Bí ẹkún ṣe gbọ̀n mí nìyẹn.

Ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fún mi ní àga. Mo ṣàlàyé fún un pé Màmá ló ń darí orin ní ìjọ Aládùúrà wa l'Atikori, àti pé inú láptọ́ọ̀pù yẹn nìkan ni gbogbo orin tó gbà sílẹ̀ fún ogún ọdún wà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi yọ orin náà. Kí n má parọ́, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, kì í ṣe torí orin nìkan ni mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Bàbá mi, Alàgbà Zechariah, fárígá. "Hannah, mi ò ní ọmọ náà ò dáa. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni. Kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà mi." Ó ní kí n ṣèlérí pé mi ò ní í fojú kàn án títí a ó fi ṣe ìrántí ọdún kan Màmá. Mo ṣèlérí, inú mi sì bàjẹ́.

Ọ̀dọ̀ Afeez ni orin tí a fẹ́ lò níbi ìrántí náà ṣì wà. Kò sì fẹ́ fi í rán awakọ̀, kó má lọ sọ nù. "Ọkàn mi, fọkàn balẹ̀," ó sọ lórí fóònù. "Kọ̀ǹpútà mi á fi ránṣẹ́ sí tìrẹ tààrà, díẹ̀díẹ̀. Tọ́rẹ́ńtì là ń pè é. Bí iná bá lọ, ibi tó bá dúró sí ló ti máa tẹ̀síwájú."

Inú mi dùn ṣìnkìn. Bàbá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kò rántí kọ̀ǹpútà.

Orin dé ìdajì, ó kọjá ìdajì. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó dúró gbagidi. Ìrántí Màmá ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ezra ẹ̀gbọ́n mi wo kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rò pé ìmàle á fi orin Aládùúrà sílé? Ó ti pa á rẹ́."

Mo gbà á gbọ́. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ burúkú ránṣẹ́ sí Afeez.

"Hannah," ó fèsì, "láti ọjọ́ Ajé ni mi ò ti pa kọ̀ǹpútà mi. Fi íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ gbìyànjú wò."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Orin rìn, bó tilẹ̀ ń rìn bí ìgbín; kò lè parí títí ọjọ́ Ìsinmi. Mo dá a padà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé, ó tún dúró. Mo bá pe ilé-iṣẹ́ tó fà á sílé wa.

"Màdáámù, faya-wọ́ọ̀lù tuntun wa ló dí i," ni ọkùnrin ibẹ̀ wí. "Ògiri ààbò ni. Fíìmù olè làwọn èèyàn ń gba ọ̀nà yẹn pín."

"Orin ìyá mi ni!"

"Kò mọ ìyá ẹnì kankan, màdáámù. Ó ṣáà ti rí ọ̀nà yẹn, á dí i."

Mo pe Afeez, mo sunkún, mo tọrọ àforíjì. Kò bínú. Ó ní, "Ọ̀nà kan ló kù, olólùfẹ́ mi."

Ní àárọ̀ Sátidé, mo gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà. "Wo kọ́ ni mo ní kó má wá síbí?"

"Èmi ni, Bàbá." Afeez ti dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀, ó na fíláàṣì sókè. "Ẹ gba orin Màmá. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

Bàbá gbà á. "Dede è rè é?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, sà."

"Orin wa ò ha ń dí yín lọ́wọ́ nílé yín?"

"Ìyá mi ti mọ méjì níbẹ̀, Bàbá. Ó máa ń kọ wọ́n bó bá ń gbálẹ̀."

Bàbá mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló jáde. Ó ní kí Afeez wọlé, kó tan orin náà. Ohùn Màmá kún pálọ̀. Ezra dorí kodò. Bàbá jókòó, ó di ojú, ó ń gberin lábẹ́lẹ̀ títí orin mẹ́ta fi parí.

Ó wá yíjú sí Afeez. "Sọ fún àghan òbí rẹ kí wọ́n wá rí mi. Kó má jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ o, kí wọ́n má baà máa kánjú àtilọ kírun."